Saint Peter's tó na Kentucky: ilé ìwé wo nìyẹn, kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ Ọ̀kín, ṣé oríire lásán ni 2022 yẹn?

Akínwálé_b kọ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń wo básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, ìdíje March 2022, níbi tí ilé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Saint Peter's ti na Kentucky, ẹnu yà mí débi pé mo tún un wò látìbẹ̀rẹ̀. Kentucky tí mo mọ̀ kì í ṣe tíìmù téèyàn kàn ń dédé nà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ti gba ife ìdíje yẹn, àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ sì rèé, NBA ni wọ́n ń gbà lọ tààrà. Saint Peter's wá ńkọ́? Mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ilé ìwé wo nìyí gan-an, ìgbà wo ni wọ́n dá a sílẹ̀, kí ló sì dé tó fi jẹ́ ọ̀kín ni wọ́n fi ṣe másíkọ́ọ̀tì? Àwọn yòókù ń mú kìnnìún, ẹkùn, béárì, ìkookò, ẹranko tó ń dẹ́rù bani, àwọn wá lọ mú ẹyẹ tó ń tẹ́ ìrù. Èkejì, àwọn kan níbi iṣẹ́ mi ń sọ pé oríire lásán ni, pé bọ́ọ̀lù kàn ń wọlé fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn ni. Lójú tèmi ṣá, ẹni tó bá na Kentucky, tó tún lọ na ẹlòmíì, tó tún na ẹlòmíì lé e, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti kúrò ní oríire. Ẹ bá mi sọ bó ṣe jẹ́.

ÌyáÌbejì_JC fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè o. Jersey City níbí ni mò ń gbé, ìpínlẹ̀ New Jersey, téèyàn bá ti sọdá odò Hudson láti New York ó ti débí nìyẹn. Ilé ìwé yẹn ò fara pamọ́ rárá, ẹ̀gbẹ́ títì Kennedy Boulevard ló wà, àárín ilé àwọn èèyàn báyìí náà ni wọ́n kọ́ ọ sí, bọ́ọ̀sì ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, kò ní pápá gbalasa bíi ti àwọn yunifásítì ńlá. Ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí 3,000, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àwọn lẹni àkọ́kọ́ tó máa wọ yunifásítì nínú ẹbí wọn, òbí ẹlòmíì sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá, bíi tèmi yìí.

Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Jésúìtì ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1872, àmọ́ 1878 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé, àwọn ọmọkùnrin tó yẹ kó wà ní kíláàsì ti bá ogun lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ò kúnjú ìwọ̀n mọ́, ni wọ́n bá ti ilé ìwé pa lọ́dún 1918. Ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi tì í o! Ilé ìwé tí wọ́n bá tì fún irú àsìkò yẹn, ó ṣọ̀wọ́n kó tún dìde, torí àwọn olùkọ́ á ti tú ká, àwọn èèyàn á sì ti gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ 1930 wọ́n tún un ṣí, nígbà tó sì di 1936 wọ́n kó o wá síbi tó wà dòní yìí. Ọdún 1965 ni wọ́n fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Martin Luther King lọ́lá, ọdún tó tẹ̀ lé e, 1966, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin wọlé sínú kíláàsì ọ̀sán. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é títí di 2012 kó tó di yunifásítì, nítorí náà tẹ́ẹ bá rí Saint Peter's College níbì kan, òun náà ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kín tẹ́ẹ bi yẹn, inú ọdún méjìlá yẹn ló ti jáde. Àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ gbà pé ẹran ara ọ̀kín kì í jẹrà, ni wọ́n ṣe máa ń yà á sára ibi tí wọ́n ń sin òkú sí, pé ẹni tó sùn ń bọ̀ wá jí. Ilé ìwé tó kú lọ́dún 1918 tó jí lọ́dún 1930, tí àwọn àlùfáà ń darí, ẹ ò rí i pé ẹyẹ yẹn bá wọn mu?

Ìyẹ̀rú_Ọ̀kín fèsì:

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ọ̀kín lójú mi o, ọba ẹyẹ ni.

Màámi ti sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ṣé ma. Ó ku ẹyọ kan tí mo fẹ́ fi kún un. Ilẹ̀ tí Jersey City wà lónìí, ara ibi tí àwọn Dutch kọ́kọ́ gbà ni, lọ́dún 1630 wọ́n fún ọkùnrin kan ní ilẹ̀ ibẹ̀, Michiel Pauw lorúkọ ẹ̀, ọ̀kín sì ni "pauw" lédè wọn. Òun ló sọ ibẹ̀ ní Pavonia, látara orúkọ ara ẹ̀ tí wọ́n yí sí èdè Látìn, Pavonia Avenue ṣì wà ní Jersey City títí dòní. Nítorí náà ọ̀kín ti wà lára ilẹ̀ yẹn ní ohun tó ju 200 ọdún lọ kí wọ́n tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwé lélẹ̀.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù nípa ẹ̀ ni pé tiwọn nìkan ni. Ní Division I, ìyẹn ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì lọ́hùn-ún, kò sí ẹlòmíì tó ń jẹ́ Peacocks, ìyẹn Ọ̀kín. Wildcats tí Kentucky ń jẹ́ yẹn, Arizona ń jẹ́ ẹ, Villanova ń jẹ́ ẹ, Kansas State ń jẹ́ ẹ, Northwestern ń jẹ́ ẹ. Àwọn tó ń jẹ́ Tigers, ìyẹn ẹkùn, ò tiẹ̀ ṣeé kà. Téèyàn bá ti ní Peacocks, gbogbo ayé mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Kóòṣì_Lékan fèsì:

Akínwálé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní básíkẹ́ẹ̀tì, eré Saint Peter's yẹn sì wà lára ohun tí mo máa ń fi hàn wọ́n, nítorí náà jẹ́ n fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

Kọ́kọ́ mọ bí ìdíje yẹn ṣe rí. Tíìmù 68 ló ń wọ̀ ọ́, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin, ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wọ́n á tò wọ́n láti nọ́ńbà 1 dé nọ́ńbà 16 bí wọ́n bá ṣe rò pé agbára wọn mọ, nọ́ńbà 2 ló máa pàdé nọ́ńbà 15, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan péré ti ń lọ ilé nìyẹn. Saint Peter's ò ní ọ̀nà mìíì tí wọ́n lè gbà wọlé ju kí wọ́n gba ife líìgì tiwọn lọ, MAAC ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbà á lóòótọ́, wọ́n na Monmouth 60-54 ní Atlantic City. Nọ́ńbà 15 ni wọ́n wá fún wọn, Kentucky sì ni nọ́ńbà 2.

March 17, ní Indianapolis, wọ́n gbá a títí àsìkò fi pé, 71-71. Àfikún àsìkò ni wọ́n ti wá bọ́ lọ́wọ́ Kentucky, 85-79. Daryl Banks ju póìntì 27, Doug Edert, ọmọ onírunmú yẹn, orí bẹ́ǹṣì ló ti wọlé tó fi ju 20. Ibi tí mo fẹ́ kó o wò dáadáa rèé: Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó jẹ́ òpó tíìmù Kentucky, ju 30, ó tún gba rebound 16, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé, síbẹ̀ wọ́n na tíìmù ẹ̀. Wọn ò rí Oscar dá dúró, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí àwọn tó yí i ká ríbi mí, gbogbo ìgbà tí gáàdì Kentucky bá gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú, ọwọ́ ẹnì kan á ti wà lójú ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe oríire, wọ́n jókòó wọ́n sì pinnu ẹ̀ ni.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, March 19, wọ́n pàdé Murray State. Àwọn yẹn ti borí lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún léraléra o, ẹnikẹ́ni ò rí wọn mú. Saint Peter's nà wọ́n 70-60. KC Ndefo ju 17, ó gba rebound 10, ó sì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà dànù lójú ọ̀run. Ọmọ yẹn ò ga tó àwọn tó sábà máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ínǹṣì méje ni, àmọ́ kì í tètè fò. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, tí wọ́n bá ti rí i kí alátakò mira báyìí, wọ́n ti fò sókè, òun á dúró, á wo ọwọ́ onítọ̀hún, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ tán ni òun tó lọ bá a lókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni líìgì MAAC fi í ṣe ẹni tó mọ dìfẹ́ńsì jù.

March 25, Philadelphia, Purdue, nọ́ńbà 3. Zach Edey wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ méje àti ínǹṣì mẹ́rin. 67-64. Ṣáájú wọn, kò sí nọ́ńbà 15 kankan tó dé Elite Eight rí, ìyẹn tíìmù mẹ́jọ tó kẹ́yìn, látìgbà tí wọ́n ti ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Florida Gulf Coast gbìyànjú ẹ̀ ní 2013, Oral Roberts ní 2021, ibi tíìmù 16 làwọn méjèèjì ti dúró.

Shaheen Holloway ni kóòṣì wọn nígbà náà, ọmọ Queens ní New York, òun náà gbá bọ́ọ̀lù fún Seton Hall nígbà èwe ẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án mẹ́wàá ló ń lò nínú eré kan, tí márùn-ún bá ti sáré sáré tó ti rẹ̀ wọ́n, á kó àwọn mìíì wọlé, alátakò á kàn máa rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kánú níwájú ẹ̀ nígbà gbogbo. Rántí pé owó oṣù tí Kentucky ń san nígbà náà fún John Calipari tó jẹ́ kóòṣì wọn ju mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lọ lọ́dún, gbogbo owó tí Saint Peter's ń ná sórí básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin nígbà yẹn látòkè délẹ̀ ò súnmọ́ ìyẹn.

Dèjì_ojú_ìwé fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Lékan, mo gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo gbogbo ìwé náà ká tó dájọ́. 1991 wọ́n wọ ìdíje yẹn, Texas nà wọ́n 73-65. 1995, Massachusetts nà wọ́n 68-51. 2011, Purdue nà wọ́n 65-43, Purdue kan náà yẹn. Lẹ́yìn 2022 wọ́n tún padà lọ ní 2024, Tennessee fi 83-49 lù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún nìyẹn títí dé 2024, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án kan ṣoṣo sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí. North Carolina tó wá dá wọn padà ní Elite Eight, 69-49 ni, ìlàjì àkọ́kọ́ ni eré yẹn ti parí, 38-19, Armando Bacot nìkan gba rebound 22.

Nítorí náà ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, oríire náà wà níbẹ̀. Ká ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n máa pàdé Kentucky, mo rò pé Kentucky á borí lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Akínwálé_b kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé màámi. Dèjì, ọ̀rọ̀ ẹ yé mi, àmọ́ ìdíje ẹ̀ẹ̀kan-ni-kóo-lọ ni wọ́n gbé síwájú gbogbo wọn, kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀mẹwàá, òfin tí Kentucky bá wọlé náà ni Saint Peter's bá wọlé. Àwọn ìbejì kan tún wà nínú fídíò yẹn, dúdú bíi tiwa, níbo ni wọ́n ti wá? Báwo ló sì ṣe wá rí fún ilé ìwé yẹn lẹ́yìn náà?

ÌyáÌbejì_JC fèsì:

Hassan àti Fousseyni Drame, ọmọ Mali ni wọ́n! Èmi tí mo bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ fojú inú wo bó ṣe rí nínú ilé wa, àwọn ọmọ mi ò jẹ́ kí n gbádùn, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé èwo ló kọ́kọ́ wáyé nínú àwọn Drame, tí ọ̀kan bá gba bọ́ọ̀lù wọ́n á ní "Kẹ́hìndé ni, Kẹ́hìndé ni". Ọmọ Mali kẹta tún wà lórí bẹ́ǹṣì, Oumar Diahame.

Ìlú yìí ò rí bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dé ibí. Ẹni tí kò mọ òfin kan ṣoṣo nínú básíkẹ́ẹ̀tì ti ń wọ búlúù kiri, àwọn ọmọ ilé ìwé kóra jọ sínú gbọ̀ngàn tí tíìmù ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n jọ ń wo eré lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ariwo tó jáde nígbà tí wọ́n na Purdue, títì ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì fọn fèrè ọkọ̀ ẹ̀ láti ìkóríta kan dé èkejì, kò sẹ́ni tó bá a wí.

Kóòṣì_Lékan fèsì:

Dèjì, ìwé tóo ṣí yẹn, ojú ewé kan ló kù tí o ò kà. Wo 1968. NIT lọ́jọ́un àná kì í ṣe ìdíje kékeré, Madison Square Garden ni wọ́n ti ń gbá a, Saint Peter's pàdé Duke níbẹ̀, wọ́n sì nà wọ́n 100-71. Duke o! Don Kennedy ni kóòṣì, eré sísá ni tíìmù yẹn ń fi borí, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Run Baby Run, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn tí màámi ń sọ yìí, Run Baby Run Arena. Keydren Clark náà ńkọ́, tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti 2002 dé 2006? Ọmọ kúkurú, kò tó ẹsẹ̀ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ju póìntì tó tiẹ̀ ní gbogbo Division I ní 2004, 2005 náà bẹ́ẹ̀, póìntì 3,058 ló kó kúrò níbẹ̀. 2017 wọ́n tún gba ife CIT, ìdíje àwọn tí kò rí àwọn ńlá méjèèjì (ti March yìí àti NIT) wọ̀, póìntì kan péré ni wọ́n fi borí ní àṣekágbá, 62-61. Ilé ìwé tó ní gbogbo èyí nínú ìtàn ẹ̀, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni 2022 ti já bọ́.

Akínwálé, ìbéèrè ẹ kejì ló dùn mí jù. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn North Carolina, Holloway ti gba Seton Hall lọ, ilé ẹ̀ àtijọ́, kò jìnnà síbẹ̀ rárá, mi ò dá a lẹ́bi. Àmọ́ òfin ti yí padà lọ́dún tó ṣáájú, pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kó lọ sí ilé ìwé mìíì kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́gán láìjókòó ọdún kan, ni tíìmù bá tú ká. Banks lọ St. Bonaventure, Edert lọ Bryant, àwọn ìbejì lọ La Salle, Ndefo tẹ̀ lé kóòṣì ẹ̀ lọ Seton Hall. Ilé ìwé ńlá, tí wọ́n bá borí báyìí, owó àti àwọn ọmọ tó dáa jù ló ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ilé ìwé kékeré, ọjọ́ tó bá borí gan-an ni àwọn ẹlòmíì ń wá kó ọmọ ẹ̀. Ìyẹn ò dáa, mo máa ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, òmìnira àwọn ọmọ dáa, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ó yẹ kí ilé ìwé tó kọ́ wọn rí nǹkan gbà nínú ẹ̀.

Bashir Mason, ọmọ Jersey City gan-an, ló gba ipò Holloway. Ìdí nìyẹn tí 83-49 tí Tennessee nà wọ́n ní 2024 ò fi rí lójú mi bó ṣe rí lójú Dèjì. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n kó gbogbo tíìmù lọ tán, àwọn mìíì ti gba ife MAAC, wọ́n na Fairfield 68-63, wọ́n tún ti dé ibi tí 15 ti ń pàdé 2.

Dèjì_ojú_ìwé fèsì:

Ti Duke 1968 yẹn wọlé sí mi lára, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì dúró lórí pé oríire wà níbẹ̀, àmọ́ ti 2024 yẹn, bẹ́ẹ ṣe wò ó dáa ju bí mo ṣe wò ó lọ.

Akínwálé_b kọ pé:

Ẹ ṣé gidi gan-an. Ti mo bá fẹ́ wo eré kan sí i lẹ́yìn ti Kentucky, èwo ni kí n wò?

Kóòṣì_Lékan fèsì:

Murray State. Má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, Ndefo nìkan ni kó o máa wò, pàápàá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lápá kejì pápá tí kò kàn án. Wo ẹsẹ̀ ẹ̀, wo bó ṣe ń tún ibi tó dúró sí ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ ẹnì kan sí èkejì. Tóo bá wò ó tán, wá sọ iye ìgbà tóo rí i kó dúró lójú kan fún wa.